Ọjọ́ tí jàǹkáriwọ̀ pa Màmá Ọ̀fà

Mo ti ń fẹ́ sọ ìtàn yìí tipẹ́, ojú ló ń tì mí.  

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ìgbà kónílé-ó-gbélé, a pa Màmá Ọ̀fà nínú yàrá mi. Ẹ má tíì pe ọlọ́pàá o. Màmá ṣì wà láàyè, kódà àná yìí ni wọ́n bú mi pé mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn láì kí wọn. Inú géèmù la pa wọ́n sí, jàǹkáriwọ̀ ló sì pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe eré mọ́, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, Jọ́ọ̀sì náà ni mo bí Tòbí sí. Ilé tí à ń gbé, ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni, yàrá mẹ́fà, kànga kan. Ọ̀gá Pam tó ń ṣe káfíńtà, ọmọ Bẹ́rọ̀mù, ló wà lápá ọ̀tún wa. Màmá Chinedu tó ń ta òkìrìká ló kọjú sí wa. Ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, Màmá Ọ̀fà, alákàrà. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Jọ́ọ̀sì, ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo sì wà ní Ìlọrin. Ẹnu wọn mú bí abẹ. Bí o bá ra àkàrà igba náírà lọ́wọ́ wọn, kà á kí o tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ti ìlú pa, ìyàwó mi ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn lọ́hùn-ún. Ó wá ku èmi àti ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá nínú yàrá kan. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì, ilé ìwé wà ní títì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lọ́wọ́ mi tí mo rà ní àlòkù ní Ìkẹjà lọ́dún tó ṣáájú, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ibẹ̀ la ti bá géèmù náà.

XCOM: Enemy Unknown ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Firaxis ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2012, ṣùgbọ́n àtúnṣe ni: Julian Gollop àti arákùnrin rẹ̀ Nick, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ti àkọ́kọ́ ní 1994. Àwọn àjèjì kan láti òde òfurufú ló ń jí ènìyàn gbé káàkiri ayé, ni orílẹ̀-èdè 16 bá pawọ́ pọ̀ dá owó, wọ́n fi gbé ẹgbẹ́ ṣọ́jà kan dìde. Ìwọ tí o jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá wọn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì, South Africa àti Nàìjíríà ló wà nínú àwọn tó ń dáwó. Bí ẹ̀rù bá ba orílẹ̀-èdè kan kọjá àlà, á yọwọ́. Bí mẹ́jọ bá yọwọ́, ó tán nìyẹn. Nígbà tí mo túmọ̀ èyí fún Ọ̀gá Pam, ẹ̀rín pa á. Ó ní ti àwọn àjèjì yẹn òun gbà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà tó ń san àdápọ̀ lóṣooṣù láì jẹ gbèsè, ìyẹn ni òun ò lè gbà gbọ́.

Kì í ṣe géèmù asáré-yìnbọn. Bí ayò ọlọ́pọ́n ló rí: o ta tìrẹ, wọ́n ta tiwọn. Ṣọ́jà mẹ́rin ni o máa kọ́kọ́ ní, ó lè di mẹ́fà bó bá yá. Nínú títa kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rìn, ó lè yìnbọn, ó lè lúgọ kí ọ̀tá tó bá kọjá níwájú rẹ̀ jẹ ọta. Ohun tó wá kó gbogbo ilé wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé a lè yí orúkọ àwọn ṣọ́jà padà.

Tòbí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fi Ọ̀gá Pam ṣe atamátàsé, ó ní ẹni tó ń kan ìṣó látàárọ̀ tí kò lu ìka ara rẹ̀ rí kò ní tàsé. Màmá Chinedu ló gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, mi ò bi í léèrè ìdí, gbogbo ẹni tó ti jẹ Màmá Chinedu ní gbèsè mọ̀ ọ́n. Màmá Ọ̀fà ló fi ṣe olùtọ́jú, ẹni tó ń gbé oògùn kiri ojú ogun, nítorí kò sí ọmọ kan nínú ilé wa tí Màmá kò tíì rọ àgbo fún. Àpótí tí wọ́n fi ń kọ orúkọ níbẹ̀ kò mọ àmì ohùn, kò mọ ẹ̀là ìsàlẹ̀. “Mama Offa” ló kọ. Èmi ò jẹ́ kó kọ tèmi. Mo ní ọ̀gá àgbà kì í lọ sójú ogun.

Mo tún yan ọ̀nà líle kan tí wọ́n ń pè ní Ironman. Bí o bá yan ìyẹn, géèmù náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi gbogbo ohun tí o bá ṣe pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí pé o kábàámọ̀ kí o padà sí àná. Ṣọ́jà tó bá kú ti kú. Mo sọ fún Tòbí pé kó lè kọ́ sùúrù ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Aago méje alẹ́ sí mẹ́sàn-án la máa ń ṣe é, nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá Pam á gbé àga tirẹ̀ wá, Màmá Chinedu á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò fẹ́ jókòó, Màmá Ọ̀fà á fi àpótí tí wọ́n fi ń dín àkàrà jókòó sẹ́yìn Tòbí. Gbogbo wa mọ bó ṣe ń rí nílé wa, Háúsá la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ fi ń jà. Tòbí, bí mo bá fi Yorùbá pè é, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Mo ti bá a jà títí, mo ti gbà fún un. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, Màmá dá a dúró. Wọ́n ní, “Bó o bá fẹ́ kí n jókòó ti nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí, ẹnu tí mo gbọ́ ni kó o fi sọ ọ́. Mi ò gbowó ìjókòó lọ́wọ́ ẹ, má fi èdè ìbò kán mi létí.”

Ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, wọ́n wọ aṣọ irin.” Màmá ní, “Ìhámọ́ra.” Ó ní, “Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹni tó ń bọ̀.” Màmá ní, “Wọ́n lúgọ.” Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lálaalẹ́. Mi ò dá sí i, mo kàn ń da epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì la pàdé jàǹkáriwọ̀. Chryssalid ni orúkọ tí àwọn tó ṣe géèmù fún un. Màmá ló sọ ọ́ ní jàǹkáriwọ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin tó ṣe gbáńgbáńgbá àti bó ṣe ń rìn, orúkọ yẹn ló sì mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu, títí kan Ọ̀gá Pam tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹranko yìí dáadáa, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó bà wá lẹ́rù. Títí di ọjọ́ yẹn, ìbọn ni àwọn ọ̀tá tí a mọ̀ ń yìn. Ẹni tó ń yìnbọn ń sápamọ́, ìwọ náà á sápamọ́, ẹ ó jọ máa yọjú wo ara yín. Gbogbo ọgbọ́n géèmù náà ló rọ̀ mọ́ ìyẹn: wá ògiri, wá mọ́tò, wá ohun tí yóò gba ọta fún ọ. Jàǹkáriwọ̀ kò ní ìbọn. Sísáré ló ń sáré bọ̀. Nínú títa kan, ilẹ̀ tó ń gbà ju ti ṣọ́jà lọ dáadáa, ó sì ń fò gun òrùlé láìwá àtẹ̀gùn. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, ògiri tí o sá sẹ́yìn rẹ̀ kò wúlò fún nǹkankan mọ́. Ọta ìbọn lè tàsé. Èékánná tirẹ̀ kì í tàsé, oró sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Màmá bi Tòbí pé ìhámọ́ra yẹn ńkọ́, àbí ẹ̀wù irin lásán ni. Ìbéèrè tó dára ni. A ti ná owó púpọ̀ lórí ìhámọ́ra tuntun lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo àwọn ṣọ́jà wa ló wọ̀ ọ́, wọ́n tóbi bí ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìhámọ́ra inú géèmù yìí kì í dá ọta padà. Àwọn ìlà kéékèèké kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan, ìlà ẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn. Ìhámọ́ra ń fi ìlà kún ìlà ni. Bí èékánná bá balẹ̀, ìlà á máa pòórá, oró á tún máa jẹ èyí tó kù ní títa tó kàn. Àsìkò lo fi owó rẹ rà, kì í ṣe ààbò.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ẹni tí jàǹkáriwọ̀ bá pa kì í sinmi. Ó máa ń fi nǹkan sínú ara òkú náà, òkú á sì dìde, á máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jáde láàárọ̀. Bí o kò bá yìnbọn pa á, lẹ́yìn títa mẹ́ta, ara rẹ̀ á ya, jàǹkáriwọ̀ tuntun, odindi, á jáde nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, ara àwọn ènìyàn rẹ ni wọ́n sì ti ń jáde. Ẹ̀rọ nìkan ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Bí o bá rán ẹ̀rọ ayìnbọn lọ, ó lè fọ́ ọ, kò lè sọ ọ́ dọmọ.

Tòbí fi Yorùbá tó ń ta kókó ṣàlàyé gbogbo èyí. Mo rò pé Màmá máa pariwo. Wọ́n kàn mi orí. Wọ́n ní, “Àfòmọ́ ni.” Tòbí kò mọ àfòmọ́. Wọ́n wá sọ fún un nípa igi òbí kan lóko bàbá wọn, bí ewé mìíràn ṣe hù sórí rẹ̀, tí kò ní gbòǹgbò nílẹ̀, tó kàn ń mu omi ara igi òbí, títí tí wọn ò fi mọ èwo ni òbí èwo ni àlejò mọ́. Wọ́n tún nawọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà mi, níbi tí agbọ́n kan ti fi amọ̀ kọ́lé sí. Wọ́n ní ṣé ó rò pé eré ni ìyẹn ń ṣe? Ó máa ń ta kòkòrò mìíràn lóró tí kò ní lè rìn mọ́, á gbé e wọlé, á yé ẹyin tì í, á fi amọ̀ dí i pa. Ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ ẹran náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òótọ́ ni, mo ti fọ́ ilé amọ̀ yẹn wò rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, aláǹtakùn ló kún inú rẹ̀, wọn ò kú, wọn ò yè.

“Òkú tó ń rìn yẹn ńkọ́?” Tòbí bi í. “Kí la ń pè é?” Màmá ronú. Wọ́n ní àkúdàáyà kọ́, nítorí àkúdàáyà máa ń lọ sí ìlú mìíràn lọ fẹ́yàwó, á máa ṣòwò, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n ní, “Bí àkúdàáyà bá wà, Jọ́ọ̀sì yìí ló máa wá. Ta ló máa mọ̀?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìlú kan ní òkèèrè ni wọ́n rán wa lọ, ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀, mọ́tò ń jó lójú títì. Ará ìlú 18 ló wà káàkiri tí a gbọ́dọ̀ gbà sílẹ̀. Láti gba ẹnìkan, ṣọ́jà gbọ́dọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an. Obìnrin kan wà lókèèrè, lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan. Tòbí ní kí Mama Offa lọ gbà á, òun ló sún mọ́ ọn jù. Mo ní, “Fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, jẹ́ kí wọ́n lúgọ. O ò rí ohun tó wà nínú òkùnkùn yẹn.” Màmá tòótọ́ bá dáhùn látẹ̀yìn: “Obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé kó kú síbẹ̀ ni?” Tòbí gbọ́ ti Màmá, kò gbọ́ tèmi.

Ó gba obìnrin náà. Jàǹkáriwọ̀ mẹ́ta sì jáde láti inú òkùnkùn.

Ọ̀gá Pam pa ọ̀kan láti orí òrùlé, títa wa sì parí. Àwọn méjì tó kù sáré kọjá lára mọ́tò tó ń jó. Èyí àkọ́kọ́ gbá Mama Offa, ìlà ẹ̀mí rẹ̀ ku díẹ̀. Èkejì kò fi nǹkankan sílẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ẹ ẹ̀ rí i, mo ti kú. Ẹ sọ fún àwọn tó jẹ mí lówó pé kí wọ́n má yọ̀.” Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kọjú sí wa.

Mo ní kí Tòbí yìn ín. Ó wà ní gbangba, géèmù náà ló ń fi hàn wá pé Ọ̀gá Pam kò lè tàsé. Ó yin ohun mìíràn. Títa kejì, mo tún sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá, Màmá ni.” Mo ní Màmá kọ́, Màmá wà lẹ́yìn rẹ. Kò wẹ̀yìn. Mo lè gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò gbà á. Ní títa kẹta, ó ya. Èyí tó jáde nínú rẹ̀ gun òrùlé lọ bá Ọ̀gá Pam. “Kai, Tobi, ka kashe ni,” ni Ọ̀gá Pam wí, ó gbé àga rẹ̀, ó sì lọ sùn. Màmá Chinedu ní tufiakwa, kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A kó àwọn méjì tó kù sá padà sínú ọkọ̀ òfurufú, a fi àwọn ará ìlú sílẹ̀.

Màmá kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé àpótí wọn. Wọ́n ní, “Ó dàárọ̀ o,” ó tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, a kò rí Màmá lẹ́nu kànga. Ibà ti dá wọn dùbúlẹ̀. Ara wọn gbóná, wọn ò lè dìde jókòó, ọ̀rọ̀ wọn kò sì já gaara. Ẹ rántí àsìkò tí a wà. Bí ènìyàn bá wúkọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sún sẹ́yìn. Màmá Chinedu dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó fi ìbòrí bo imú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Kò nílò rẹ̀. Ní ọ̀sán, ọmọ Màmá pè mí láti Ìlọrin. Màmá fúnra wọn ló ti fi ìtàn géèmù náà dá a lẹ́rìn-ín lórí fóònù lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Bọ̀dá, orúkọ ìyá mi lẹ fún ọmọ yín pé kó fi ṣe òkú?” Mo ní géèmù ni. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò fi tiyín sí i?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Kò sí ẹni tí mi ò lè bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ mi ni. Iná ni, irin ni, iye ni. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aago méjì òru ọjọ́ yẹn, mo dìde, mo dín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà kù, mo wọ inú géèmù náà lọ. Ní bárékè àwọn ṣọ́jà, ògiri ìrántí kan wà níbẹ̀ tí orúkọ àwọn tó kú wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ yọ orúkọ yẹn. Mo kàn fẹ́ yí i padà sí nǹkan mìíràn, ohunkóhun. Kò gbà. Ẹni tó wà láàyè nìkan la lè yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo jáde, mo wá fáìlì tí ó ń pamọ́ sí nínú dísìkì, mo ṣí i, mo wá Mama Offa láàárín àwọn lẹ́tà játijàti. Mo pẹ́ nídìí rẹ̀.

“Bàbá.”

Tòbí ò sùn. Ó ní, “Ẹ ní ẹ ò gbà á gbọ́.”

Mo ní mi ò gbà á gbọ́.

“Kí lẹ wá ń wá?”

Yorùbá ló fi bi mí. Mi ò ráyè yọ̀ sí i lálẹ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun máa lọ se omi gbígbóná fún Màmá. Mo ní kó fi aṣọ bo imú. Kò pẹ́ tó fi padà, ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kò sí nǹkankan nínú ike gàrí Màmá. Mo ṣí gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀wà, kò sí epo.”

Èmi náà lọ wò ó. Kò sí nǹkankan lóòótọ́. Ẹni tí kò bá lè jáde lọ sí ẹ̀bá títì kò lè ta àkàrà, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni Màmá fi ń ra ẹ̀wà ọjọ́ kejì. Ọmọ wọn ń fi owó ránṣẹ́, ó wà ní báńkì, káàdì wọn ti bàjẹ́ láti oṣù kejì, ọmọ tó ń ṣe POS lójú ọ̀nà kò sì ṣí. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ìgbà yẹn ńkọ́, abọ́ Tòbí ń lọ sí yàrá Màmá láàárọ̀, ó ń padà pẹ̀lú nǹkan nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé kò gbọdọ̀ máa jẹ búrẹ́dì ṣáá. Èmi ni mò ń fọ abọ́ náà. Mo mọ iye ìlà ẹ̀mí tó ku sára Mama Offa ní gbogbo ìṣẹ́jú. Yàrá Màmá kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí tèmi.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Màmá Chinedu. Mo sọ ohun tí mo rí, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní òpópónà kejì sí wa, Ọ̀gá Pam gba ẹ̀yìn ilé lọ pè é. Ó gún Màmá níka, ó ní ibà ni, ibà tó bá ebi nílé. Ó fún wọn ní oògùn, ó sì bú gbogbo wa ní Háúsá tó mọ́ kedere, a kò dá a lóhùn. Ìyàwó Ọ̀gá Pam se gwate, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Jọ́ọ̀sì rí mọ̀ ọ́n, acha tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sè tó ki. Màmá ní kò ní ata. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ lọ́nà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó jáde. A ò ṣí géèmù náà láàárín ìgbà yẹn, Tòbí ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà. Ní aago méje alẹ́, Màmá fara hàn lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n fi ìró bora, wọ́n gbé àpótí wọn dání.

“Ta lẹ fi sí ipò mi?”

Mo ní a ti fi í sílẹ̀. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, ṣé báyìí ni àwọn àjèjì máa kó ayé lọ nítorí pé alákàrà kan ní ibà? Wọ́n ní kí Tòbí fi ògiri ìrántí yẹn han àwọn. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tún sún sẹ́yìn. Òyìnbó onírun pupa kan ni ṣọ́jà náà, gbogbo wa ti gbàgbé. “Èyí?” ni Màmá wí. “Ta ló bí èyí ní Ọ̀fà?”

Ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí a tún kọ Mama Offa. Wọ́n ní ẹni yẹn ti kó orúkọ yẹn lọ, kó máa mú un lọ. Àlàkẹ́ ni kí a kọ, oríkì tí ìyá wọn fún wọn, tí ẹnikẹ́ni kò fi pè wọ́n mọ́ ní Jọ́ọ̀sì. Tòbí kọ ọ́, Alake, láìsí àmì. Wọ́n tún bèèrè ohun tí wọ́n máa wọ̀. Tòbí ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ inú géèmù ti la òkú jàǹkáriwọ̀ kan yẹ̀ wò, wọ́n sì lè fi èèpo ara rẹ̀ ṣe àfikún ìhámọ́ra tó máa ń dín agbára èékánná kù sí ìdajì. Inú Màmá dùn sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní, “Awọ ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rán an fún mi. Kó rí mi, kó mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ wọn tún pè ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ tí Màmá ń sọ fún un pé kó má dààmú, àwọn ti gba ẹ̀wù tuntun.

A ṣe géèmù náà títí tí wọ́n fi ṣí ìlú, kódà lẹ́yìn ìgbà tí ìyàwó mi dé. Òun ni kò yé. Tòbí pè é jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní, “Màámi, ẹ wá wo bí a ṣe ń lúgọ.” Ìyàwó mi wò mí. Mo gbójú kúrò.

Ní àkókò yẹn a ti ní ìhámọ́ra tó ń fò. Archangel ni wọ́n ń pè é, epo wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbé ṣọ́jà ró lókè fún ìwọ̀nba títa. Wọ́n tún rán wa lọ sí ìlú kan tó ń jó. Jàǹkáriwọ̀ márùn-ún jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tòbí gbé Alake kúrò nílẹ̀, ó kọjá òrùlé, ó dúró sínú òfuurufú gangan. Àwọn nǹkan yẹn péjọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé wọ́n lè fò?” Màmá bèèrè.

“Wọn ò lè fò, Màmá.”

“Jẹ́ kí n wà níbẹ̀.” Wọ́n fà sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ọwọ́ kan ìlà kan ní igun. “Èyí ńkọ́, kí nìyí?”

“Epo tó kù ni.”

“Mélòó?”

Tòbí kà á sókè fún wọn, ní Yorùbá.